Ta ló lè ka ohun tó wà nínú ìwé ìrìnnà wa? Ìjíròrò àwa Yorùbá Àbújá àti Òkè Ọya

Ìyá Ìbejì Kúbwà:
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Èmi àti ọkọ mi fẹ́ tún ìwé ìrìnnà wa gbà, a sì fẹ́ gba tuntun fún àwọn ìbejì, nítorí náà mo ní kí n kọ́kọ́ bi ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí kí a tó lọ tẹ̀ka. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ ọkọ mi sọ fún un pé páspọ́ọ̀tù oníṣíìpù tí a ń lò báyìí, ẹni tó bá mú fóònù dání lè gba ẹ̀gbẹ́ ènìyàn kọjá nínú èrò, kí ó sì fa orúkọ, àwòrán àti ìtẹ̀ka onítọ̀hún jáde láì fọwọ́ kan báàgì rẹ̀. Nígbà tí mo lọ sí ọjà Wúsè, mo rí ọmọkùnrin kan tó ń ta àpò pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi bébà onírin tẹ́ inú rẹ̀, ó ní òun nìkan ló lè gba ènìyàn lọ́wọ́ irú àwọn olè bẹ́ẹ̀. Kí n tó náwó lé e, ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni? Kí gan-an ló wà nínú ṣíìpù yẹn? Èyí tó ń ká mi lára jù ni ti àwọn ọmọ: bí àwòrán ojú wọn àti ìtẹ̀ka wọn bá ti wọ inú kọ̀ǹpútà ìjọba láti kékeré, ọwọ́ ta ló wà, ta ló sì lè rí i?

Ẹlẹ́rọ Gwárímpà:
Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ, Ìyá Ìbejì. Iṣẹ́ káàdì oníṣíìpù ni mo fi ń jẹun, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ ṣàlàyé, kí a lè mọ èyí tó yẹ kí a bẹ̀rù àti èyí tí kò yẹ.

Ẹ wo iwájú ìwé ìrìnnà yín, ẹ ó rí àmì kékeré aláwọ̀ wúrà kan tó dà bí àpótí tí wọ́n fa ìlà gba àárín rẹ̀ kọjá, tí òbìrí kan sì wà ní àárín náà. Àmì yẹn ló ń fi hàn káàkiri ayé pé ṣíìpù wà nínú ìwé. Ọdún 2007 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ rẹ̀ ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, nígbà tó sì di oṣù kìíní ọdún 2019, wọ́n gbé èyí tí ojú ewé àwòrán rẹ̀ jẹ́ ike líle jáde, tí àgbàlagbà sì lè gba olójú-ewé 64 tí yóò lo ọdún mẹ́wàá.

Ṣíìpù náà kò ní bátìrì kankan. Inú ẹ̀rọ tó fẹ́ kà á ni agbára tó ń lò ti ń wá, nípasẹ̀ ìgbì rédíò tó wà ní 13.56 MHz, ìdí sì nìyí tí ẹ̀rọ náà fi gbọ́dọ̀ sún mọ́ ìwé dé ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà díẹ̀. Ohun tí àjọ ìrìnnà òfurufú àgbáyé, ICAO, là sílẹ̀ nínú ìwé ìlànà rẹ̀ tó ń jẹ́ Doc 9303 ni pé kí ohun méjì wà nínú ṣíìpù ó kéré tán: àwọn ọ̀rọ̀ tó wà ní ìlà méjì ìsàlẹ̀ ojú ewé àwòrán, àti àwòrán ojú ẹni tó ni ín. Ìtẹ̀ka kì í ṣe dandan. Orílẹ̀-èdè tó bá wù ló ń fi í sí i, níbi tí wọ́n bá sì ti fi í sí i, ìlànà ní kí àbò tó wà lórí rẹ̀ le ju ti àwòrán lọ, tó fi jẹ́ pé ẹ̀rọ orílẹ̀-èdè tí ẹni tó ṣe ìwé bá fún láṣẹ nìkan ló yẹ kó rí i kà.

Nísinsìnyí, ìlà méjì ìsàlẹ̀ yẹn ṣe pàtàkì gidi. Àmì 44 ló wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, àwọn ọfà kéékèèké tí ẹ ń rí níbẹ̀ sì wà láti dí àlàfo ni. Ẹ̀rọ kankan kò lè dé kí ó sáà bẹ̀rẹ̀ sí í ka ṣíìpù. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú kọ́kọ́rọ́ wá, inú ìlà méjì yẹn ni kọ́kọ́rọ́ náà sì ti ń jáde: nọ́ńbà ìwé ìrìnnà, ọjọ́ ìbí, àti ọjọ́ tí ìwé yóò parí. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣíìpù kò ní dáhùn ohun tó ní láárí. Mo máa ń fi èyí han àwọn ènìyàn lórí ìwé tèmi. Áàpù wà lórí fóònù tó bá ní NFC, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí fóònù bá ṣíìpù tó sún mọ́ ọn sọ̀rọ̀; n ó tẹ ohun mẹ́ta yìí sí i, n ó gbé ẹ̀yìn fóònù lé ìwé, n ó rọra máa sún un títí yóò fi kan ibi tí ṣíìpù wà, nítorí inú èèpo ẹ̀yìn ni ti ìwé mìíràn máa ń wà, inú ojú ewé ike ni ti òmíràn. Fóònù á gbọ̀n, orúkọ á kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ àwòrán ojú mi á hàn, ó sì máa ń mọ́lẹ̀ ju èyí tí wọ́n tẹ̀ sórí ìwé lọ. Bí mo bá fi ọjọ́ ìbí tí kì í ṣe tèmi dán an wò, òfo ni.

Nítorí náà, ẹni tó ń gba ẹ̀gbẹ́ yín kọjá ní Wúsè láì tíì rí inú ìwé yín rí kò lè fa nǹkan kan jáde. Ẹ fi owó àpò onírin yẹn ra tòmátì. Ẹni tí n ó bẹ̀rù ni ẹni tó ti ní àwòrán ojú ewé yẹn lọ́wọ́, nítorí ó ti ní kọ́kọ́rọ́, kódà kò tún nílò ṣíìpù mọ́: orúkọ, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà àti ojú yín ti wà nínú fóònù rẹ̀. Àwa fúnra wa la sì ń fi í ránṣẹ́ kiri.

Ọ̀gá Káféè Gárkì:
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹgbẹ́ mi. Ibi tí Ẹlẹ́rọ parí ọ̀rọ̀ sí yẹn, ṣọ́ọ̀bù wa gan-an ni. Kò sí ọjọ́ tí ẹni tó fẹ́ kún fọ́ọ̀mù páspọ́ọ̀tù tàbí ti físà kì í wọlé tọ̀ wá, ohun tó sì máa ń kù sílẹ̀ lẹ́yìn tí oníbàárà bá dìde, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rò ó rí. Ìwé tí a ṣe síkáànù rẹ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà. Èyí tí a gbà láti orí íméèlì rẹ̀ wà nínú Downloads. Èyí tó fi ránṣẹ́ sí WhatsApp ṣọ́ọ̀bù kí a lè tẹ̀ ẹ́ jáde wà lórí fóònù ọmọ iṣẹ́, ó sì ṣeé ṣe kí fóònù yẹn máa kó àwòrán lọ sórí Google fúnra rẹ̀. Íméèlì oníbàárà ṣì wà ní ṣíṣí, nítorí ó ti dìde láì jáde nínú rẹ̀.

Èyí tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti íméèlì tí àwọn káféè kan máa ń dá sílẹ̀ fún oníbàárà. Bàbá àgbàlagbà kan á wá, kò ní íméèlì, ọmọ tó wà lórí kọ̀ǹpútà á ṣí ọ̀kan fún un, á fi orúkọ bàbá sí i, á yan ọ̀rọ̀ aṣínà tó wù ú, á fi nọ́ńbà fóònù ṣọ́ọ̀bù sí i. Láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo ìwé tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ nípa páspọ́ọ̀tù bàbá yẹn, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ló ń lọ. Tí ọmọ náà bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ sí Láfíà, ó ti gbé íméèlì bàbá lọ nìyẹn.

Ìmọ̀ràn mi kò ju pé kí ẹ ti ilé ṣí íméèlì tiyín, kí ọmọ yín bá yín ṣe é tí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n. Kí ẹ fúnra yín tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà. Kí ẹ sì dúró títí a ó fi pa fáìlì yín rẹ́ níṣojú yín, ká sì tún sọ inú Recycle Bin nù. Ẹ má tijú béèrè. Ọ̀gá tó bá bínú nítorí pé ẹ béèrè, ẹ gbé ìwé yín, ṣọ́ọ̀bù pọ̀ ní Gárkì.

Àlàájì Sábó Kánò:
Àsàlámù àláékùm. Ọ̀rọ̀ yín dára, àmọ́ ẹ̀yin ará Àbújá ẹ máa ń sọ̀rọ̀ bíi pé gbogbo ayé ló ń wá físà fúnra wọn. Àwa tí a ń lọ Úmúrà láti Kánò níbí, ájẹ́ǹtì ni a ń gbé ìwé fún. Ó máa ń ṣí ẹgbẹ́ kan lórí WhatsApp, gbogbo arìnrìn-àjò á máa ju àwòrán ojú ewé páspọ́ọ̀tù wọn síbẹ̀, tọkùnrin tobìnrin, ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ti yí èrò padà. Wọ́n lè ti dé láti Mẹ́kà kí ẹgbẹ́ náà ṣì wà, kí àwọn àjèjì sì ṣì máa wọlé síbẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Mo mọ̀ pé kò dára. Àmọ́ bí a kò bá fi ránṣẹ́, báwo ni a ṣe fẹ́ rí físà gbà? Ẹ fún wa ní ohun tí arúgbó tó wà ní Sábó lè ṣe, ẹ má sọ̀rọ̀ bíi ìwé.

Ẹlẹ́rọ Gwárímpà:
Wà àláékùmù sàlámù, Àlàájì. Òótọ́ lẹ sọ, ẹ kò lè ṣe kí ẹ má fi ránṣẹ́. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ájẹ́ǹtì nìkan, lórí nọ́ńbà tirẹ̀, ẹ má jù ú sínú ẹgbẹ́; bó bá sì fẹ́ jẹ́ kí gbogbo wọn mọ̀ pé ẹ ti fi ránṣẹ́, kí ó kọ orúkọ yín sínú àkọsílẹ̀ tó ń gbé jáde, ó tó. WhatsApp ní ibi tí ènìyàn ti lè fi àwòrán ránṣẹ́ kí ó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹni tó gbà á lè wò ó, ṣùgbọ́n ìyẹn kò lè bá ájẹ́ǹtì mu, nítorí ó gbọ́dọ̀ gbé e lọ sórí fọ́ọ̀mù. Kí ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí físà bá ti jáde pé kí ó pa á rẹ́, kí ẹ̀yin náà sì pa á rẹ́ ní ọ̀dọ̀ yín, nítorí fóònù tó sọnù ní Mẹ́kà tàbí ní Kánò, ohun kan náà ni.

Ọ̀gá Káféè Gárkì:
Kí n fi kún un, Àlàájì. Fọtokópì tí ẹ fẹ́ fún òtẹ́ẹ̀lì, fún onílé tàbí fún báǹkì, kì í ṣe ti físà, ẹ kọ ọ̀rọ̀ lé e lórí pẹ̀lú bírò kí ẹ tó fi sílẹ̀: ẹni tí ẹ fún, ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, àti ọjọ́. Ẹ jẹ́ kí ìkọ̀wé náà gba orí àwòrán àti orí ìlà méjì ìsàlẹ̀ kọjá díẹ̀. Bí fọtokópì yẹn bá tún jáde níbòmíràn lọ́jọ́ iwájú, ẹ ó mọ ẹni tó tú u síta. Òtẹ́ẹ̀lì tí kò bá nílò nọ́ńbà ìwé yín, mo máa ń fi bébà bo ìlà méjì yẹn lórí ẹ̀rọ fọtokópì fún oníbàárà, kò sì sẹ́ni tó tíì dá a padà wá bá mi.

Olùkọ́ Zàríà:
Mo ka gbogbo rẹ̀, inú mi sì dùn sí i, ṣùgbọ́n arákùnrin wa Ẹlẹ́rọ ti fi ọkàn àwọn ènìyàn balẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Láti ìgbà tí Malaysia ti ṣe ìwé ìrìnnà oníṣíìpù àkọ́kọ́ ní ọdún 1998 ni ìjà ti wà láàárín àwọn tó ń ṣe é àti àwọn tó ń dán an wò. Ní ọdún 2006, ọmọ Jámánì kan, Lukas Grunwald, dúró níwájú àwọn onímọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà ní Las Vegas, ó sì da ohun tó wà nínú ṣíìpù ìwé ìrìnnà kọ sínú ṣíìpù mìíràn ní gbangba. Ní ọdún 2008, àwọn kan gbé ìwé tí orúkọ àti àwòrán Elvis Presley, olórin Amẹ́ríkà tó ti kú tipẹ́, wà nínú ṣíìpù rẹ̀ sí ẹ̀rọ kan ní pápákọ̀ òfurufú Schiphol ní Amsterdam, ẹ̀rọ náà sì gbà á bíi pé ìwé ènìyàn tó wà láàyè ni. Ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Birmingham fi hàn pé láì rí ohun tó wà nínú ìwé kan, ènìyàn tó bá ti gba ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ òtítọ́ ń bá ìwé náà sọ̀rọ̀ lè tún sọ ọ̀rọ̀ yẹn kan náà sí i lọ́jọ́ mìíràn, kí ó sì fi bí ìwé náà ṣe dáhùn mọ̀ bóyá ìwé ọ̀hún ló tún ń kọjá. Wọn kò rí orúkọ ẹni tó ni ín, ṣùgbọ́n wọ́n lè mọ̀ pé òun náà ni. Ẹ ò rí i pé àpò onírin náà kì í ṣe ẹ̀tàn pátápátá? Èèpo ìwé ìrìnnà Amẹ́ríkà ní irin nínú láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ oníṣíìpù ní ọdún 2006, wọn kò sì ṣe bẹ́ẹ̀ lásán.

Ẹlẹ́rọ Gwárímpà:
Ẹ ṣeun, Ọ̀gá Olùkọ́, ẹ ti fi kún ìmọ̀ wa. Mi ò jiyàn lórí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí a yà sọ́tọ̀ ni dídàkọ àti yíyípadà. Ohun tó wà nínú ṣíìpù ní òǹtẹ̀ orí kọ̀ǹpútà tí orílẹ̀-èdè tó ṣe ìwé náà lù ú, tí ẹlòmíràn kò lè lù. Ènìyàn lè da gbogbo rẹ̀ kọ, òǹtẹ̀ náà á tẹ̀ lé e wá. Ṣùgbọ́n bí ó bá yí lẹ́tà kan padà, tàbí tó gbé àwòrán tirẹ̀ rọ́pò, òǹtẹ̀ náà kò ní bá a mu mọ́. Ti Elvis yẹn kọjá nítorí pé ẹ̀rọ tí wọ́n gbé e sí kò yẹ òǹtẹ̀ náà wò. Ibẹ̀ ni ìṣòro wà títí di ìsinsìnyí: ICAO ní ibi ìkójọ kan, PKD, tí àwọn orílẹ̀-èdè ń fi ohun tí wọ́n fi ń yẹ òǹtẹ̀ ara wọn wò sí, Nàìjíríà wà lára wọn, ṣùgbọ́n àwọn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ní ohun ìyẹ̀wò náà lọ́wọ́ tí wọn kì í lò ó. Ní ọdún 2018, àwọn sẹ́nétọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Ron Wyden àti Claire McCaskill, kọ lẹ́tà sí àwọn aṣọ́bodè wọn pé ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti ń ṣe ìwé oníṣíìpù, síbẹ̀ ẹ̀rọ wọn kò lè yẹ òǹtẹ̀ wò. Bí Amẹ́ríkà bá lè wà bẹ́ẹ̀, ẹ má retí pé gbogbo ẹnubodè Áfíríkà ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Lórí ìtẹ̀léni tí Birmingham sọ, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ ti wà nítòsí nígbà tí wọ́n ń ka ìwé yín, kí ó tún wà nítòsí yín lẹ́yìn náà. Ẹni tó ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀ fún yín, nọ́ńbà fóònù yín ni yóò máa tẹ̀ lé. Àwọn ìwé tí wọ́n ń ṣe báyìí sì ti ń lo ìlànà tuntun, PACE, tó le láti fọ́ ju ti àtijọ́ lọ, nítorí ti àtijọ́ ṣeé méfò níbi tí nọ́ńbà ìwé bá ń tẹ̀ lé ara wọn. Ẹni tó bá fẹ́ ra àpò, kò burú. Kí ó ṣáà má rò pé òun ti parí iṣẹ́.

Agbẹjọ́rò Màìtámà:
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n dáhùn apá kan tí Ìyá Ìbejì béèrè tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn, ìyẹn ọwọ́ ẹni tí àkọsílẹ̀ náà wà. Ohun tó wà nínú ṣíìpù kéré gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà àwọn àjọ. Kí ènìyàn tó gba ìwé ìrìnnà, ó gbọ́dọ̀ ní NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ oní-díjíìtì mọ́kànlá tí NIMC, àjọ ìdánimọ̀ ọmọ Nàìjíríà, ń fúnni, NIMC náà ti gba ìtẹ̀ka àti àwòrán rẹ̀. Àjọ ìwọlé-wọ̀de tún ń gba tiwọn lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ tẹ̀ka. Báǹkì ti gba tiwọn fún BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báǹkì. Iléeṣẹ́ fóònù ti gba tiwọn. Bí ọ̀rọ̀ aṣínà bá jáde síta, ẹ lè yí i padà. Ẹ kò lè yí ìka padà.

Ẹ̀rí wà pé ìbẹ̀rù yìí kì í ṣe àsọdùn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, Paradigm Initiative, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aráàlú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kéde pé àwọn rí ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n ti ń ta NIN àti àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà ní ọgọ́rùn-ún náírà. NIMC dáhùn pé ẹnikẹ́ni kò fọ́ ibi ìpamọ́ àwọn. Ní ojú tèmi, ìdáhùn yẹn kò tu ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí àtẹ nínú, yálà ilẹ̀kùn ni wọ́n fọ́ o, yálà ẹni tí wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́ ló ń tà á.

Òfin wà. Ìwé òfin ọdún 1999, ní abala 37, dáàbò bo àṣírí ilé, lẹ́tà àti ìbánisọ̀rọ̀ ọmọ Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin ìdáàbòbò àkọsílẹ̀ ara ẹni, èyí tó dá NDPC, àjọ tó ń bójú tó òfin náà, sílẹ̀ ní Àbújá níbí. Òfin yìí ka ìtẹ̀ka àti àwọn àmì ara mìíràn tí wọ́n fi ń dá ènìyàn mọ̀ sí ohun tó yẹ kí wọ́n ṣọ́ ju àkọsílẹ̀ lásán lọ. Ó fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tí iléeṣẹ́ kan ní nípa yín, láti ní kí wọ́n tún èyí tí kò tọ̀nà ṣe, àti láti fẹjọ́ sùn. Bí àkọsílẹ̀ bá jáde síta lọ́nà tó lè pa ènìyàn lára, iléeṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún NDPC láàárín wákàtí 72. Ájẹ́ǹtì tí Àlàájì ń sọ yẹn náà wà lábẹ́ òfin yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú wọn kò gbọ́ ọ rí. Ẹjọ́ tí ẹ bá fẹ́ sùn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ so ẹ̀rí mọ́ ọn: ọjọ́ tí ẹ fi ìwé ránṣẹ́, ẹni tí ẹ fi ránṣẹ́ sí, ibi tí ẹ ti rí i. Ẹjọ́ ẹnu lásán kì í rìn jìnnà.

Ohun kan tí ẹ lè ṣe láì lọ sí ọ́fíìsì kankan: ẹni tó bá béèrè NIN yín, tí kì í ṣe ibi tí òfin ti ní kí ẹ mú nọ́ńbà gan-an wá, ẹ fún un ní vNIN, ìyẹn nọ́ńbà ìgbà díẹ̀ tó ń dúró fún NIN. Ó ní àmì 16, ẹni kan pàtó ni ẹ ń ṣe é fún, ó sì ń kú lẹ́yìn wákàtí 72. NIMC tún ti gbé áàpù NINAuth jáde, tí ènìyàn fi lè fọwọ́ sí i kí ẹlòmíràn tó rí àkọsílẹ̀ rẹ̀.

Aránṣọ Kàdúná:
Ẹ kú àlàyé o. Tèmi kò pọ̀. Ìyá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún, ata ló fi ọlọ lọ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ fi dán, ẹ̀rọ kò sì rí ìka rẹ̀ mú. Àwọn kan ní wọn kò ní fún un ní ìwé. Ṣé òótọ́ ni? Èkejì, àbúrò mi ń ṣe ìgbéyàwó, wọ́n sì ti lé làálì sí ọwọ́ rẹ̀ dé orí ìka, ó sì fẹ́ lọ tẹ̀ka lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹlẹ́rọ Gwárímpà:
Ẹ bá wa kí Màmá. Ìka tó ti dán kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ sì máa ń rí irú rẹ̀. Ẹ fi omi tútù fọ ọwọ́ wọn, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi ìpara díẹ̀ pa á, kí ẹ tún nù ún. Ìka tó gbẹ jù ni ẹ̀rọ kì í rí. Bí ó bá ṣì kọ̀, ẹ ní kí wọ́n dán àwọn ìka yòókù wò, kí wọ́n sì kọ ọ́ sí àkọsílẹ̀ pé ìka wọn ti dán. Àwòrán ojú ni ìlànà àgbáyé kà sí dandan nínú ṣíìpù, bí mo ti sọ. Ti ìyàwó tuntun, kí ó dúró kí làálì orí ìka ṣí, tàbí kí ó yí ọjọ́ padà. Owó tí wọ́n ń san báyìí láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà fún olójú-ewé 32 àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba fún olójú-ewé 64, kò ṣeé fi ṣe àdánwò.

Ìyá Ìbejì Kúbwà:
Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín. Ọkọ mi ti ka gbogbo rẹ̀, ó ní kí n béèrè ohun méjì sí i. Ní ìjọ wa, ẹni tó bá gba físà máa ń gbé páspọ́ọ̀tù rẹ̀ sókè níbi ìdúpẹ́, wọ́n á yà á ní fọ́tò, ó sì máa wọ Facebook ìjọ kí ìsìn tó parí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún Pásítọ̀ pé kí wọ́n má ya ti àwọn ọmọ mi láì dà bí ẹni tí kò moore? Ìkejì, bí ájẹ́ǹtì bá ní kí a fi ìwé sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun lẹ́yìn tí físà bá jáde, pé òun fẹ́ fi wá tíkẹ́ẹ̀tì, ṣé ó tọ́?

Agbẹjọ́rò Màìtámà:
Ti ájẹ́ǹtì ló rọrùn jù: rárá. Ohun ìní ìjọba àpapọ̀ ni ìwé ìrìnnà, ẹ̀yin ni wọ́n fi ṣọ́ ọ, kò sí tíkẹ́ẹ̀tì tó nílò ju nọ́ńbà rẹ̀ lọ. Ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ó bá jáde.

Ti ìjọ, ẹ gbé e sókè ní pípadé. Èèpo rẹ̀ ni kámẹ́rà á rí. Ẹ sì ṣàlàyé fún Pásítọ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, kì í ṣe níwájú pẹpẹ, pé ẹ kò fẹ́ kí orúkọ àti ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ojú ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún yóò yí padà, ìdí nìyí tí ìwé ọmọdé kì í fi í ju ọdún márùn-ún lọ. Ọjọ́ ìbí àti NIN rẹ̀ ni kò ní yí padà títí ayé, àwọn oníjìbìtì sì mọ̀ pé ó máa pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó yẹ àkọsílẹ̀ ọmọdé wò.

Ọmọ Ọ̀fà Jọ́ọ̀sì:
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárí jì mí pé mo já wọlé lẹ́yìn. Wọ́n gba báàgì ẹ̀gbọ́n mi ní gárééjì lọ́sẹ̀ tó kọjá, páspọ́ọ̀tù wà nínú rẹ̀. Ó ń sọ pé níwọ̀n ìgbà tí kò ti fẹ́ rìnrìn-àjò báyìí, kò sí ìdí tí òun fi ní láti wá nǹkan kan ṣe.

Agbẹjọ́rò Màìtámà:
Ẹ sọ fún un pé kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ó gba ìwé lọ́wọ́ ọlọ́pàá, kí ó búra ní kóòtù, kí ó sì gbé méjèèjì lọ sí ọ́fíìsì àjọ ìwọlé-wọ̀de tó sún mọ́ ọn. Bí àjọ náà bá ti gbọ́, wọ́n lè fi nọ́ńbà ìwé náà ránṣẹ́ sí ibi ìkójọ àwọn ìwé tó sọnù tàbí tí wọ́n jí, èyí tí Interpol dá sílẹ̀ ní ọdún 2002, tí àwọn ẹnubodè lágbàáyé sì ń wò. Títí di ìgbà náà, ìwé tó ṣeé lò ló wà lọ́wọ́ ẹni tó gba báàgì náà.

Ẹlẹ́rọ Gwárímpà:
Kí ó sì mọ̀ pé bí wọ́n bá ti fi nọ́ńbà ìwé náà sí ibẹ̀, tí ó bá wá tún rí i lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ́la, kò gbọ́dọ̀ fi rìn mọ́. Wọ́n á dá a dúró ní ẹnubodè àkọ́kọ́ tó bá dé. Tuntun ni kí ó gbà, nọ́ńbà rẹ̀ á yàtọ̀, kọ́kọ́rọ́ ṣíìpù rẹ̀ náà á yàtọ̀.

Ọmọ Ọ̀fà Jọ́ọ̀sì:
Ẹ ṣeun. Mo ti kà á fún un lórí fóònù. Ó ní òun á lọ sí ọ́fíìsì ọlọ́pàá lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé.